Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọ ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ ọyàn: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta?

Ọmọ Aládìrẹ · Ọjọ́ Àìkú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún 46, aládìrẹ ni ní Ìtòkú, ìyá ọmọ mẹ́ta. Ibi tó ti ń so ìró mọ́ àyà kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan kókó kan lọ́yàn òsì. Kò dùn ún, ìyẹn ló jẹ́ kó dákẹ́ fún oṣù méjì. Ìgbà tó sọ fún mi, a lọ sílé ìwòsàn níbí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀wò, èsì sì jáde ní Ọjọ́bọ̀: jẹjẹrẹ ọyàn. Dókítà ní ó ti kan kókó abẹ́ abíyá, ṣùgbọ́n kò tíì lọ síbòmíràn nínú ara. HER2 positive ni wọ́n kọ síwèé, ìyẹn ni pé èròjà kan tó ń mú jẹjẹrẹ dàgbà kíákíá pọ̀ jù lára kókó náà. Wọ́n ní kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, nìkan kò tó fún irú èyí, pé ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ Herceptin, tó ń dojú kọ HER2, mọ́ ọn fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n sọ iye rẹ̀ fún wa, ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé náà, ó kì í bọ báàgì, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Pànṣẹ́kẹ́. Ibẹ̀ ló ti ní, "Ṣé owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni kí n fi gún abẹ́rẹ́?"

Ọmọ àbúrò bàbá wa tó wà l'Amẹ́ríkà ló ní ká wá clinical trial, ìwádìí tí àwọn dókítà fi ń mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára aláìsàn. Ó ní wọ́n máa ń fúnni ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó fárígá. Ó ní ìyàwó òun kì í ṣe ẹran tí wọ́n á máa dán oògùn wò lára. Kẹ́mò àkọ́kọ́ sì ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Ibo lèèyàn ti ń rí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta lè wọ̀ ọ́? Ẹ̀rù tó ń ba ọkọ rẹ̀ yìí ńkọ́, ṣé ó nídìí?

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò · Ọjọ́ Àìkú, aago 9:58 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Olódùmarè á wò wọ́n sàn, àwọn ọmọ wọn ò ní pè wọ́n kí wọ́n má dáhùn. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìwádìí o, mo jókòó láti gbọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ lọ́dún tó kọjá. Kókó lọ́yàn náà ni. A ń gbé wọn láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn títí ó fi di egbò.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Àìkú, aago 10:35 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 31. Ọdún mẹ́sàn-án tó gbẹ̀yìn, wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba kẹ́mò ni mo wà. Gbọ́ èyí kó o tó gbọ́ nǹkan mìíràn: ọjọ́ mẹ́wàá tó kù yẹn ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ìwádìí, ẹni tí kò tíì gba kẹ́mò, tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí ohun tí oògùn náà ṣe sí kókó yẹn. Bí kẹ́mò mìíràn bá ti kàn án, wọn ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Mo ti rí obìnrin mẹ́ta tó jẹ́ pé lẹ́yìn kẹ́mò kejì ni wọ́n tó bèèrè. Ilẹ̀kùn ti tì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ torí ìwádìí tẹ́ ò tíì rí sún kẹ́mò síwájú o. Bí ọjọ́ bá pé tọ́wọ́ yín ò tíì ba nǹkan, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Jẹjẹrẹ kì í dúró deni.

Lọ́la, ẹ padà lọ bá dókítà yín, kí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹnu ara wọn bi í pé, "Ṣé ìwádìí kan wà tí mo lè wọ̀?" Ọ̀pọ̀ dókítà kì í dá a sọ. Kì í ṣe ìkà, èrò ló pọ̀ níwájú wọn. Bẹ́ ẹ bá bèèrè, wọ́n á pe ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, wọ́n á sì kọ lẹ́tà lé yín lọ́wọ́.

Wo ìwé èsì yẹn dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ER àti PR, tó ń sọ bóyá họ́mónù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, àti HER2. Níwájú HER2, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí i. 3+ ni positive tó dájú. Bó bá jẹ́ 2+, kò tíì dájú, àyẹ̀wò mìíràn ni wọ́n á fi mọ̀. Mo ti rí ẹni tó ná owó ọkọ̀ lọ dé Èkó, tó jẹ́ pé 2+ ló wà níwèé rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé lọ ṣe àyẹ̀wò tó kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè blọ́ọ̀kù. Ẹran tí wọ́n gé lára wọn yẹn, wọn ò dà á nù o. Inú ìda funfun ni wọ́n dì í sí, bí ìda àbẹ́là, gbogbo ẹ̀ ò ju ìdajì páálí ìṣáná lọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló máa fẹ́ tún un yẹ̀wò fúnra wọn. Ọwọ́ ilé àyẹ̀wò tó ṣe é ló máa wà, ẹ máa fọwọ́ síwèé kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ má fi síbi tí oòrùn ń pa. Ẹnì kan gbé tiẹ̀ síwájú dígí mọ́tò láti Lafẹ́nwá dé Ìbàdàn, ó ti yọ́ kó tó débẹ̀.

Bàbá Awakọ̀ Lafẹ́nwá · Ọjọ́ Ajé, aago 6:12 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ọkọ yẹn ní gbòǹgbò. Ní 1996 mo ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù láti Lafẹ́nwá lọ sí Kánò. Ọdún yẹn ni àrùn yírunyírun jà níbẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń kú lójoojúmọ́. Ilé iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn kan wá tó ń jẹ́ Trovan, wọ́n sì fi ọmọ bí 200 ṣe ìwádìí rẹ̀, àwọn kan gba Trovan, àwọn yòókù gba oògùn mìíràn. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fáwọn pé ìwádìí ni. Ó di kóòtù. Ó di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kánò tó parí ẹ̀ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, ilé iṣẹ́ náà ò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Mo rí àwọn ìyá tó tẹ́ ẹní síta ilé ìwòsàn lọ́dún yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lára, ó ń fẹ́ ẹ láìdúró. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ má sọ pé ọkùnrin yẹn ò mọ nǹkan.

Ọmọ Ìjẹmọ̀ n'Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, aago 1:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ ò parọ́. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń jókòó ti aláìsàn ka fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí kí wọ́n tó wọ ìwádìí, ọ̀rọ̀ Kánò yìí sì ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wà báyìí.

Ní 2007 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ìlànà ẹ̀tọ́ ìwádìí ìlera jáde. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 wá sọ ọ́ di dandan: ẹ ò gbọdọ̀ fi èèyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé ẹ ti ṣàlàyé ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí ẹni náà sì fọwọ́ síwèé. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí, bó bá sì jẹ́ oògùn, NAFDAC náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ yẹn máa ń wà lójú fọ́ọ̀mù, pẹ̀lú fóònù ìgbìmọ̀ náà. Kí ọkọ wọn pè é fúnra rẹ̀. Olùwádìí tí ìyẹn bá bí nínú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ gbé e relé, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ó wà ní Yorùbá. Ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù ú, láìsọ ìdí, wọn ò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ fi ìtọ́jú dù ú.

Nípa bẹ́ ẹ ṣe máa wá a: ẹ lọ sí clinicaltrials.gov lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ ìwádìí sílẹ̀. Ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, láti 2000 ló ti wà. Ẹ kọ breast cancer síbi tí wọ́n ti bèèrè àìsàn, ẹ mú Nigeria níbi orílẹ̀-èdè, kẹ́ ẹ wá mú Recruiting, ìyẹn àwọn tó ṣì ń gba èèyàn. Ìwádìí kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, NCT ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ ló tẹ̀ lé e. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, òun lẹ máa gbé lọ fún dókítà. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tún ojú ìwé náà ṣe kẹ́yìn, torí àwọn mìíràn ti parí tí wọn ò tíì yọ ọ́. Òmíràn tún wà fún ilẹ̀ Áfíríkà, PACTR, South Africa ni wọ́n ti ń bójú tó o. Pé ìwádìí wà lórí ìwé yìí kò ní ká sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà ló yẹ̀ ẹ́ wò o. Àṣẹ ti ilẹ̀ wa níbí lẹ máa bèèrè.

Fún àpẹẹrẹ, ìwádìí kan wà tó ń jẹ́ ARETTA, wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 2019. Àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ní HER2 positive, tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ni wọ́n ṣe é fún, UCH Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé ní Chicago. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa wá ìyẹn lọ o. Mo dárúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé irú àìsàn ẹ̀gbọ́n yín gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí lé lórí nílẹ̀ wa níbí. Ó ń dùn mí bí àwọn èèyàn wa kò ṣe pọ̀ nínú irú nǹkan báyìí. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń kọ fún wa, ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò jù.

Ọmọ Aládìrẹ · Ọjọ́ Ajé, aago 8:05 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. A ti rí dókítà lónìí. Inú wọn dùn pé a bèèrè, wọ́n ní àwọn máa pe Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì, 3+ ló wà níwèé, mo dúpẹ́.

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkùnrin náà ní òun lè mú wa wọ ìwádìí kan l'Ékòó, kí a kọ́kọ́ san ₦45,000 fún fọ́ọ̀mù, pé àyè méjì péré ló kù. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ajé, aago 8:09 alẹ́

Má san kọ́bọ̀! Wọn kì í ra fọ́ọ̀mù ìwádìí. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ẹ ń gbà wọlé, inú ilé ìwòsàn, níbi tí káàdì yín wà. Pa nọ́ńbà yẹn rẹ́.

Adúpẹ́ Sápọ́n · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:47 òru

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, mi ò lè sùn. Èmi ti wọ ìwádìí rí. HER2 náà ni tèmi. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn.

Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo rántí jù. Kì í ṣe inú iṣan ni wọ́n ń gún un sí, abẹ́ awọ itan ni. Nọ́ọ̀sì á jókòó tì mí, á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú rẹ̀ á wà lára aago ọwọ́ rẹ̀. Itan òtún lónìí, tòsì lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ìgbà 18 ni. Àwọ̀ aago yẹn ṣì wà lójú mi, aláwọ̀ omi aró ni. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo ọkàn mi, torí oògùn náà lè sọ ọkàn di aláìlágbára. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nígbà kan, wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró títí ó fi padà sípò. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ló wá yé mi pé wọ́n ń ṣọ́ mi. Bí mo bá rà á fúnra mi, ta ni ì bá máa yẹ ọkàn mi wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó nira náà. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo fi ń kúrò nílé. Owó ọkọ̀ tí wọ́n ní àwọn máa dá padà, oṣù méjì ló gbà kó tó wọlé. Oògùn ìwádìí lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo san owó CT scan, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, mi ò sì bá owó yẹn múra, torí ìgbà tí mo gbọ́ "ọ̀fẹ́" mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé: kí ni ẹ̀yin máa san, kí ni àwa máa san? Bí ìwádìí bá parí tí oògùn náà ṣì wúlò fún mi, ta ló máa máa fún mi? Bó bá ṣe mí ní jàǹbá, ta ló máa tọ́jú mi? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ lójú wọn.

Ìyá ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní mo ta ara mi fún òyìnbó. Àwọn ló ń bá mi se làfún nísinsìnyí.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtokò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 àárọ̀

Adúpẹ́, Ọlọ́run tó ṣe é fún ọ á ṣe é fún wọn. Ọmọ Ìjẹmọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé wọ́n máa ń pín àwọn èèyàn sí méjì, kí wọ́n fún àwọn kan ní omi lásán. Ṣé òótọ́ ni? Ẹni tó ní jẹjẹrẹ!

Ọmọ Ìjẹmọ̀ n'Ìbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:55 ọ̀sán

Ìpín ń bẹ nínú àwọn ìwádìí kan, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣẹ́ gègé náà, dókítà kì í mú ẹni tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí jẹjẹrẹ, ìhà tí kò bá gba oògùn tuntun máa ń gba ìtọ́jú tí gbogbo ayé ti mọ̀. Bí oògùn asán bá wà rárá, orí ìtọ́jú gidi ni wọ́n sábà máa ń fi lé. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn ìwádìí mìíràn kò tiẹ̀ ní ìpín, oògùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Ẹ tún bèèrè ìpele tó wà. Ìpele kìíní ni wọ́n ti ń wá ìwọ̀n tí ara lè gbà, ewu ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Ìkejì, wọ́n ń wo bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìkẹta, wọ́n ń fi í wé èyí tó wà nílẹ̀. Ìdáhùn yẹn á mú kí ọkọ wọn mọ bí ẹ̀rù ṣe yẹ kó bà á tó.

Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:16 ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé bí wọn ò bá gbà wọ́n síbẹ̀, ó ti tán. Trastuzumab ni orúkọ oògùn náà gan-an, Herceptin ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú ìwé oògùn kòṣeémáàní láti 2015. Ní 2019, wọ́n tún fọwọ́ sí oríṣi kan tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe, kí owó ẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹ bi dókítà yín nípa àwọn oríṣi yẹn. Obìnrin méjì ní wọ́ọ̀dù mi ló gbà á parí láìwọ ìwádìí kankan.

Bàbá Awakọ̀ Lafẹ́nwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:22 alẹ́

Ọmọ mi, fi nọ́ńbà ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mi ò ní sọ fún un pé kó gbà. Mo fẹ́ kí àwa méjèèjì jọ kọ ìbéèrè tó máa bi wọ́n, títí kan ti Kánò. Bó bá sì di pé ẹ ń lọ, mọ́tò mi wà nílẹ̀, epo nìkan lẹ máa rà.

Ọmọ Aládìrẹ · Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago 10:10 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Mo ní ìròyìn.

Dókítà wa pe Ìbàdàn ní Ọjọ́rú. Ìwádìí tí èmi rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba èèyàn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní òmíràn wà, ká wá. A gbé lẹ́tà, ìwé èsì àti blọ́ọ̀kù. Mo fi aṣọ tútù wé e, mo fi sínú kúlà kékeré, mo sì gbé e lé itan dé Mọníyà, torí reluwé la wọ̀ láti Ládẹ̀rìn. Bàbá bínú sí mi pé a ò gba mọ́tò wọn.

Obìnrin tó gbà wá lálejò lo wákàtí kan ààbọ̀ pẹ̀lú wa. Ojú ìwé 14 ni fọ́ọ̀mù náà, ó wà ní Yorùbá. Kò jẹ́ ká fọwọ́ sí i. Dókítà wa ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbà láti sún kẹ́mò ọjọ́ márùn-ún péré, pé bí ọjọ́ yẹn bá pé tí àyẹ̀wò ò tíì parí, ká bẹ̀rẹ̀ nílé níbí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú fọ́ọ̀mù lọ síta níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ, ó jókòó sórí àpótí, ó ń kà á sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ń yọ okùn lára aṣọ tó dì, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ọkàn, ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè, wọ́n ní, "Kà á. Èmi ni mo ni ọkàn." Ó kà á. Ó mú bírò, ó kọ ìbéèrè 11 sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mẹ́ta nínú ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Bàbá wá. Ó ti pe fóònù ìgbìmọ̀ náà lónìí. Wọ́n gbé e, wọ́n sì ka nọ́ńbà àṣẹ náà sí i létí, bó ṣe wà níwèé gẹ́lẹ́.

Kò tíì sọ pé òun gbà. Ó kàn bi mí bóyá reluwé àárọ̀ máa ń kún.

Lọ́la ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fẹ́ parí aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yáàdì 40. Ìdajì ẹ̀ ti wà lórí okùn, ó ń gbẹ.